A Borí, Wọ́n Fìdí Rẹmi

"A" ni ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tí Yorùbá fi ń kó èèyàn jọ. Lẹ́tà kan péré ni, àmọ́ ó lè gba ìdílé kan, ó lè gba àdúgbò, ó sì lè gba orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ ju igba mílíọ̀nù lọ. Ní alẹ́ Sátidé, ọjọ́ 26, oṣù keje, ọdún 2025, "a" yìí ṣiṣẹ́ gan-an ní Ìlọrin. Super Falcons, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Nàìjíríà, na Morocco ní 3–2 nílùú Rabat, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ìkẹwàá. Láti Tanke títí dé Ọjà-Ọba, lórí status WhatsApp àti lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà, gbólóhùn kan ló gbòde: "A ti gbà á!" A ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé "Wọ́n ti gbà á."

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn ní ọdún kan péré. Oṣù keje ọdún 2024, ìdíje Òlíńpíìkì ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Falcons fi wá ọ̀nà padà débẹ̀. Brazil nà wọ́n ní 1–0, Spain nà wọ́n ní 1–0, Japan fi 3–1 dá wọn padà sílé. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, ọwọ́ òfìfo. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà ní Rabat ló wà ní Faransé náà. Rasheedat Ajibade wà ńbẹ̀, Chiamaka Nnadozie ló ń ṣọ́lé, Jennifer Echegini ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n rí gbá wọlé. Aṣọ kan náà, orúkọ kan náà. Àmọ́ ẹ rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu àwa ọmọ Nàìjíríà nígbà náà: "Wọ́n ti fìyà jẹ wọ́n o." "Àwọn ọmọ yẹn ò gbá nǹkan kan." "A" ti wọlé, ó ti tìlẹ̀kùn, "wọ́n" nìkan ló kù níta.

Ìbéèrè tó ti ibẹ̀ jáde kò le láti béèrè, ìdáhùn rẹ̀ ló le. Ẹ̀tọ́ wo la ní láti sọ pé "a" borí, nígbà tó jẹ́ pé àwọn obìnrin kan ló sáré, tí àwa sì jókòó? Bí a bá sì ní ẹ̀tọ́ náà, kí ló bá a rìn?

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ lásán ni, bẹ́ẹ̀ lẹnu ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ kékeré yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán lọ́dọ̀ wa? Pe ẹni tó jù ọ́ lọ ní "ìwọ," kí o wo ojú tí wọ́n máa fi wò ọ́. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí ni?" Bàbá kan ṣoṣo jókòó sí pálọ̀, "wọ́n" là ń pè é: "Wọ́n ti jẹun." "Wọ́n" ti pálọ̀ yẹn, ọ̀wọ̀ ni. "Wọ́n" tí a ń lò fún ẹni tó fìdí rẹmi ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀, ògiri ni. Èdè tó ń fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ya àgbà sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọdé kò lè wá sọ fún wa pé ìyàtọ̀ àárín "a" àti "wọ́n" kò ní ìtumọ̀.

Iṣẹ́ software là ń ṣe, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la kọ́ ní yunifásítì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ojú iṣẹ́ wa wò ó. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ jẹ́ òótọ́ tàbí kó jẹ́ irọ́. Kò sí àárín. Ká gbé "a borí" fún un pé kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló gbá bọ́ọ̀lù? Morocco ti gbá méjì wọlé kó tó pé ìdajì wákàtí. Ní ìṣẹ́jú 64, Esther Okoronkwo gbá pẹ́nárítì wọlé. Ní ìṣẹ́jú 71, Folashade Ijamilusi sọ ọ́ di 2–2. Ní ìṣẹ́jú 88, Echegini parí ọ̀rọ̀. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni láti Tanke nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹni tó nasẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì tó ń mu mínírà kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan ni kọ̀ǹpútà máa fi dá wa lóhùn: irọ́.

Àwọn kan wà tó fara mọ́ ìdáhùn yìí tọwọ́tẹsẹ̀. Bí o bá ní "a ti nà wọ́n," wọ́n á ní, "Ìwọ àti ta? Ṣé ìwọ lo gbá a?" Ọ̀rọ̀ wọn ní láárí, torí ó ń dá ògo padà sọ́dọ̀ ẹni tó làágùn. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé e dé òpin, kò ní jẹ́ ká lè sọ̀rọ̀ nínú agboolé mọ́.

Ẹ wò ó. Ìyàwó ilé kan bímọ lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo agboolé ti ń pariwo "A bímọ o!" Bàbá àgbà sọ ọ́, àbúrò ọkọ sọ ọ́, ìyá aláta tó wà lójúde náà sọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló rọbí, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa bi àbúrò ọkọ pé "Ṣé ìwọ lo rọbí ni?" Kí ló dé? Torí gbogbo wa mọ̀ pé "a bímọ" kì í ṣe ìròyìn nípa ìrọbí. Ẹni tó bá sọ ọ́ ń fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí kan òun. Òun ló máa gbé omi kaná, òun ló máa pọn ọmọ nígbà tí ìyá bá fẹ́ sùn, òun ló máa wà níkàlẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kódà lọ́jọ́ yẹn, nínú àṣà wa, ẹni tó bá fún ọmọ lórúkọ a máa fi owó sílẹ̀. Orúkọ kì í lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Wàyí o, ká ní àbúrò ọkọ yìí ló pariwo "a bímọ" jù lọ. Ó di ọjọ́ kẹta, ara ìyá ọmọ ò yá, wọ́n ń wá owó ilé ìwòsàn. Ó wá ní, "Ìyàwó yín yìí náà, kì í kúkú gbọ́ràn." Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe di "yín"? Ọjọ́ yẹn la máa mọ̀ pé "a" tó pariwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò ní nǹkan kan nínú. Kì í ṣe pé ó jẹ́ òótọ́ lọ́jọ́ kìíní kó tó wá bàjẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹta ló kàn fi ohun tí ọjọ́ kìíní jẹ́ hàn.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti ṣì wá nínà nìyẹn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nìkan ló lè yẹ̀ wò. "A" kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nìkan, ẹ̀jẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó sọ pé "a borí" kò purọ́ nítorí pé kò gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tó bá ṣe lẹ́yìn tí ariwo bá rọlẹ̀ ló máa sọ bóyá ó purọ́ tàbí kò purọ́.

Ká fi òṣùwọ̀n yìí wọn ìtàn àwọn Falcons wò. Ọjọ́ 16, oṣù kejì, ọdún 1991 ni wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn àkọ́kọ́. Wọ́n na Ghana ní 5–1 nílùú Èkó. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti wà ní China fún Ife Àgbáyé àwọn obìnrin àkọ́kọ́. Jámánì nà wọ́n ní 4–0, Ítálì ní 1–0, Taiwan ní 2–0. Wọn ò rí góòlù kankan gbá wọlé. Ní ọdún 1995, Norway gbá mẹ́jọ sínú àwọ̀n wọn láìjẹ ẹyọ kan. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, ní Amẹ́ríkà, nígbà tó ku ikọ̀ mẹ́jọ, Brazil ti gbá mẹ́ta wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Falcons dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, àfi ìgbà tí góòlù inú àfikún àkókò sọ ọ́ di 4–3. Títí di òní, wọn ò tíì kọjá ibẹ̀ ní Ife Àgbáyé. Ní Áfíríkà, ọ̀tọ̀ ni ìtàn: 1998, 2000, 2002, 2004, 2006, 2010, 2014, 2016, 2018, kó tó wá kan ti Rabat.

Ẹni tó bá ti kọ database rí mọ̀ pé ohun tí o bá fi àyè sílẹ̀ fún nínú tábìlì nìkan lo lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Tábìlì àbájáde bọ́ọ̀lù ní àyè fún ọjọ́, ó ní àyè fún orúkọ alátakò, ó ní àyè fún iye góòlù. Kò sí àyè fún gbèsè níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi àyè náà kún un, ká tún un kà.

Ọdún 2004, ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n na Cameroon ní 5–0 nínú àṣekágbá, Perpetua Nkwocha nìkan gbá mẹ́rin wọlé. Àyè gbèsè: wọn ò tíì rí owó àjẹmọ́nú wọn gbà, ikọ̀ tó gba ife kọ̀ láti kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọdún 2016, nílùú Yaoundé. Wọ́n na Cameroon ní 1–0 lójú àwọn ará ilé wọn, Desire Oparanozie ló gbá góòlù náà. Àyè gbèsè: wọ́n délé, wọ́n jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì l'Ábùjá, wọ́n ní àwọn ò ní gbé ife sílẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kejìlá, ọjọ́ tí Ààrẹ Buhari gbé ìṣúná lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, àwọn obìnrin yìí gbé pátákó dání, wọ́n wọ́de lọ síbẹ̀. Ọdún 2019, ní Faransé. Jámánì fi 3–0 lé wọn kúrò ní Ife Àgbáyé. Àyè gbèsè: wọ́n tún jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ọdún 2022, ní Morocco. Wọ́n pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kángun sí àṣekágbá nípa pẹ́nárítì lẹ́yìn tí méjì nínú wọn ti gba káàdì pupa. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ò jẹ́ kí wọ́n jáde lọ dánra wò, Zambia sì gba ipò kẹta lọ́wọ́ wọn ní 1–0.

Ọ̀rọ̀ wo ló wà lẹ́nu àwa ará ìlú ní gbogbo àsìkò yẹn? Ẹ ti gbọ́ ọ rí: "Àwọn ọmọbìnrin yìí ti tún bẹ̀rẹ̀ ìṣe wọn." "Wọ́n ń ba orílẹ̀-èdè jẹ́ lójú ayé." Ẹ wo gbólóhùn kejì yẹn dáadáa. Orílẹ̀-èdè wà lápá kan, àwọn obìnrin náà wà lápá kejì. Àwọn tó jẹ́ gbogbo wa ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ti di àlejò tó ń bá wa fa wàhálà kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ìyàwó ti di "ìyàwó yín."

Ẹlòmíràn lè sọ pé ó tọ́ kí "a" máa tẹ̀ lé àbájáde, torí àbájáde ni òótọ́ tó dájú jù nínú bọ́ọ̀lù. Ṣé ó dájú tó bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ 7, oṣù kẹjọ, ọdún 2023, nílùú Brisbane. Falcons àti England gbá ọ̀mì, 0–0, ó di pẹ́nárítì, England borí ní 4–2. Nínú òfin àkọsílẹ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀mì ni wọ́n ń kọ irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Pẹ́nárítì kàn ń yan ẹni tó máa tẹ̀ síwájú ni. Canada 0–0, Australia 3–2, Ireland 0–0, England 0–0. Ìyẹn ni pé Falcons kúrò ní Ife Àgbáyé yẹn láìsí ẹni tó nà wọ́n. Wọ́n lé wọn, kò sì sẹ́ni tó nà wọ́n. Òótọ́ ni méjèèjì. Bí "a" bá ń dúró de àbájáde kó tó jáde, èwo ló máa dúró dè lálẹ́ ọjọ́ yẹn?

Ẹni tó kọ́kọ́ gbá pẹ́nárítì fún Nàìjíríà lọ́jọ́ náà ni Oparanozie, ó sì gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi. Oparanozie kan náà tó gba ife fún wa ní Yaoundé. Ṣé ọmọ wa ni ní Yaoundé, tó wá di ọmọ wọn ní Brisbane? Ọdún 2019 tún wà níbẹ̀, nígbà tí Wendie Renard ti Faransé gbá pẹ́nárítì lu igi, tí VAR ní kó tún un gbá nítorí pé ẹsẹ̀ Nnadozie kúrò lórí ìlà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò nílẹ̀. Ó tún un gbá, ó wọlé, 1–0. Bí ìbátan àwa àti ọmọ ẹni bá so mọ́ ibi tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan wà, okùn yẹn ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé ká máa yọ̀ nígbà tí wọ́n bá nà wá, kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ ìdùnnú fún ọkàn. A ò sì sọ pé ẹni tó bá ń sọ "a" kò gbọdọ̀ sọ pé ikọ̀ gbá ìgbákugbà. Kóòṣì lè ṣe àṣìṣe, agbábọ́ọ̀lù lè ya ọ̀lẹ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń báni wí láti inú ilé àti ẹni tó ń buni láti ìta, ohùn wọn kì í jọra. "A gbá ìgbákugbà lónìí" àti "wọ́n gbá ìgbákugbà lónìí": ẹni tó sọ ti àkọ́kọ́ máa fẹ́ mọ ohun tó fà á. Ẹni tó sọ ti ìkejì ti yí sí tẹlifíṣọ̀n míì.

Àtakò tó le jù lèyí tó kàn: kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìlọrin nínú gbèsè àwọn agbábọ́ọ̀lù? Àjọ tó ń rí sí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, NFF, wà. Ilé iṣẹ́ ìjọba wà. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí fúnra rẹ̀ ń wá owó dátà. Òótọ́ ni, a ò ní kí ó sanwó. Ṣùgbọ́n ní orúkọ ta ni wọ́n fi ń ya fọ́tò pẹ̀lú ife náà? Nígbà tí àwọn olóṣèlú bá dúró yí wọn ká tí wọ́n ní "Nàìjíríà ti borí," ariwo tiwa ni wọ́n fi ń ṣe ọlá. Ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣayẹyẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìnáwó ayẹyẹ. Ní ọdún 2016, ìgbà tí ariwo wọn dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ni ọ̀rọ̀ owó náà tó bẹ̀rẹ̀ sí lójú. Wọ́n dá pariwo náà ni. Ẹ rò ó wò bí yóò ti rí ká ní gbogbo ẹnu tó sọ "a ti gbà á" ló béèrè pé "ṣé wọ́n ti san án?"

Ẹni kan á ní, ṣebí wọ́n ti wá san án lọ́dún 2025, ó tún ju bó ṣe yẹ lọ. Lóòótọ́, ọjọ́ méjì lẹ́yìn àṣekágbá, Ààrẹ Tinubu gbà wọ́n lálejò l'Ábùjá. Ó kéde iye náírà tó jẹ́ 100,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, ìdajì rẹ̀ fún kóòṣì àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ilé oníyàrá mẹ́ta, àti oyè OON. Àwọn gómìnà fi mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Inú wa dùn sí i. Ó yẹ wọ́n, kódà ó pẹ́ kó tó dé.

Àmọ́ ẹ̀bùn kì í san gbèsè. Àwa tí a ń kọ software mọ irú oníbàárà kan: o ti parí iṣẹ́, owó ò jáde, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣí i, wọ́n pè ọ́, wọ́n fún ọ ní ìrẹsì àti fìlà, wọ́n ní kí o dìde kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ìrẹsì náà dùn. Gbèsè ṣì wà níbi tó wà. Ẹ̀bùn ń wo ojú ẹni tó ń fúnni, owó iṣẹ́ ń wo iṣẹ́. Ẹ ronú nípa góòlù ìṣẹ́jú 88 yẹn. Ká ní ó lu igi, tí Morocco sì borí nínú àfikún àkókò, àwọn obìnrin kan náà ì bá ti sáré iye kan náà, òógùn kan náà ì bá ti bọ́ lára wọn, 100,000 dọ́là ì bá sì di afẹ́fẹ́. Ohun tó ń dúró de kí bọ́ọ̀lù wọlé kó tó wá, orí ìre ni. Ohun tó ń wá bó wọlé bí kò wọlé, ìyẹn là ń pè ní ẹ̀tọ́. FIFA fúnra rẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí: ní Ife Àgbáyé 2023, wọ́n kéde ó kéré tán 30,000 dọ́là fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ bá kọ́kọ́ lọ sílé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú nígbà ẹ̀bùn yẹn. Wọ́n ní tíṣà ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ńkọ́? Sójà tó fara gbọgbẹ́, bàbá tó fẹ̀yìn tì tó ń dúró de owó? Àwọn kan dá wọn lóhùn pé ìlara ni. Àwa ò rò pé ìlara ni. Ìbéèrè tó dáa ni, ibi tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí ni kò dáa. Tíṣà náà ń ṣiṣẹ́ fún wa, a máa ń sọ "àwọn ọmọ wa yege" nígbà tí èsì WAEC bá jáde, "a" sì máa ń kọ ẹ̀yìn sí tíṣà nígbà tí owó oṣù bá pẹ́. Ohun kan náà ló ń ṣe tíṣà àti agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà tíṣà kò ní láti ti àwọn Falcons síta. Ńṣe ni kí ó gbà pé "a" tóbi tó láti gba àwọn méjèèjì.

Nílé wa níbí, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Pápá ìṣeré tó wà ní ọ̀nà Taiwo, orúkọ Rashidi Yekini ló wà lára rẹ̀, ọmọ Kwara tó gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà ní Ife Àgbáyé, lọ́jọ́ 21, oṣù kẹfà, ọdún 1994, níwájú Bulgaria. Gbogbo ayé rí bó ṣe di àwọ̀n mú. "Ọmọ wa" pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìbàdàn ló gbé nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó dá wà gan-an kó tó kú lọ́dún 2012. Ó dára ká fi orúkọ èèyàn sára ògiri. Àmọ́ ògiri kì í béèrè oúnjẹ, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti fẹ́ràn.

Ẹ tún gbọ́ orúkọ àwọn tó ń gba góòlù wọlé fún Falcons: Rasheedat, Asisat. Agboolé wo ló wà ní Ìlọrin tí kò ní Rasheedat kan? Agboolé tó pariwo "ọmọ wa Rasheedat" nígbà tí wọ́n fún Ajibade ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní ìdíje yẹn, Rasheedat tiwọn lè wà lẹ́yìnkùlé tó ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kí wọ́n sì ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kúrò ńbẹ̀!" Bó bá jẹ́ torí aṣọ ni, òfin bọ́ọ̀lù ti fàyè gba ìborí láti ọdún 2014, Nouhaila Benzina ti Morocco sì wọ híjáàbù gbá bọ́ọ̀lù ní Ife Àgbáyé 2023. Ọ̀pọ̀ òbí kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ aṣọ. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ le ju ìyẹn lọ: "Kí ló máa jẹ nídìí ẹ̀? Ṣé ẹ ò rí àwọn tó gba ife tí wọ́n ń sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì nítorí owó?"

A ò lè fi òbí yẹn ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbèsè tí wọ́n kọ̀ láti san l'Ábùjá ti dé Ìlọrin, ó ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá. Nítorí náà, ẹni tó rò pé ọ̀rọ̀ owó àjẹmọ́nú kò kan òun kò tíì wo ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ dáadáa. Ikọ̀ tó máa gba ife ìkọkànlá tàbí ìkejìlá, ẹ̀yìnkùlé yẹn ni wọ́n ti ń bọ̀, bí a bá jẹ́ kí wọ́n dé.

Kí wá ni ṣíṣe? A ò ní òfin tuntun láti gbé kalẹ̀. Ohun kékeré méjì là ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbà míì tí wọ́n bá na Falcons, kí a gbìyànjú láti sọ "a pàdánù," ká wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà máa mú ká béèrè. Nígbà tí wọ́n bá sì borí, tí "a" bá fò jáde lẹ́nu wa kí a tó mọ̀, ẹ má gbé e mì. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n nínú agboolé tó dáa, ẹni tó bá gbọ́ "a bímọ" kì í dúró sórí ariwo. Ìbéèrè kan wà tó máa ń tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin: "Ìyá ọmọ ńkọ́?"